KÍ ẸSẸ̀ ALÁÌSÀN TÓ KAN ỌJÀ

Gbólóhùn kan wà tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi sílẹ̀ nípa àrùn wèrè, tí ọmọdé àti àgbà ṣì ń tún sọ títí di òní olónìí: wọ́n ní bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò ṣe é wò mọ́. Nítorí gbólóhùn yìí, bí orí ẹnì kan bá dàrú, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa dí ọ̀nà ọjà mọ́ ọn tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n bí ó bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ọjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn a káwọ́ lérí, wọn a ní ọ̀ràn ti parí. Òtítọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ àwọn baba wọ̀nyí, ìṣìnà sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àrùn yìí ní àkókò tirẹ̀, àti pé ẹni tí a bá tètè tọ́jú a máa sàn ju ẹni tí a fi sílẹ̀ lọ. Ìṣìnà ibẹ̀ ni èrò pé ọjọ́ kan wà tí a lè kọ ọmọ ènìyàn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kò di ìgbà tí àgbẹ̀ bá rìn jìnnà kí ó tó rí òye ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá roko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí èpò ṣì rẹlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá dúró títí èpò fi bo àgbàdo mọ́lẹ̀, yóò làágùn púpọ̀, ìkórè rẹ̀ yóò sì dín. Ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ kì í sọ pé kí ìkórè kọjá ná. Ẹni tí ejò bù jẹ lóko, kíákíá ni a ń gbé e. Àrùn orí nìkan ni àwọn ènìyàn ń fún láàyè oṣù mélòó kan, àní nígbà mìíràn ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó mú aláìsàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n ti wádìí àrùn yìí ní ilẹ̀ púpọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé bí ìgbà tí a kò fi tọ́jú rẹ̀ bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ máa ń nira tó.

Àrùn náà kì í sábà kọ́kọ́ yọ lára arúgbó. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń di ẹni ara rẹ̀, tàbí tí ọ̀dọ́mọbìnrin ń múra àtirelé ọkọ, láti bí ọmọ ọdún 15 títí dé ẹni 30 ọdún ó lé díẹ̀, ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í fi ọjọ́ kan di ariwo. Ọmọ tí ó máa ń kọ ebè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín kan. Oorun yóò dá lójú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé bá sùn, yóò máa rìn káàkiri àgbàlá. Yóò yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ní fẹ́ wẹ̀ mọ́, bí ó bá sì wà ní ilé ẹ̀kọ́, yóò di ẹni ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ pé ohùn kan ń bá òun sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, pé àwọn ará àdúgbò ń gbìmọ̀ ibi sí òun, pé ìyá òun ti fi nǹkan sínú ọbẹ̀. Yóò máa dá rẹ́rìn-ín, yóò sì máa dá sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe agídí, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Ohùn tí aláìsàn ní òun ń gbọ́, ó ń gbọ́ ọ ní tòótọ́; ìbẹ̀rù rẹ̀ sì jẹ́ ìbẹ̀rù gidi. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ènìyàn bí 300, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni irú àrùn yìí tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia ń bá jà. Kò sí ìlú kan, nígbà náà, tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Kí ni ó wá ń fa ìdádúró? Ìtìjú ni èkínní. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fẹ́ aya láìṣe ìwádìí ìdílé, wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn òbí kọ́kọ́ ń rán alárinà láti béèrè. Nítorí náà, ìyá tí a ń tọrọ ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ yóò ti ọmọkùnrin rẹ̀ tí ń ṣàìsàn mọ́ yàrá, yóò sì sọ fún àwọn àlejò pé ibà ni. Kò ṣe é nítorí ìkà. Ó ṣe é kí ọ̀nà ọmọ kejì má bàa dí. Ṣùgbọ́n bí àrùn tí a fi pamọ́ bá gbilẹ̀, yóò jáde sí gbangba lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè dì í mú mọ́, ìtìjú tí a ń sá fún yóò sì di ìlọ́po méjì. Àwọn àgbà kò ṣàìmọ ìrora òbí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.

Ìdí kejì ni wíwá ẹni tí ó ṣe é. Kí ilé tó béèrè pé kí ni kí a ṣe, wọn a ti béèrè pé ta ni ó ṣe é: ṣé orogún ìyá rẹ̀ ni, tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ tí ọ̀ràn ilẹ̀ wà láàárín wọn? Láti ilé babaláwo dé ilé aríran, láti ilé aríran dé orí òkè, owó a lọ, ọ̀sẹ̀ a lọ, ìdílé a sì fọ́ sí méjì. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò tíì sùn.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo orí tí ó dàrú ni ó ní irú àrùn kan náà. Ibà tí ó gun orí lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Ọ̀ràn wákàtí ni èyí, kì í ṣe ọ̀ràn ọjọ́. Igbó mímu, pàápàá nígbà èwe, lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn náà. Wárápá, ọtí àmujù, àti àwọn àrùn mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ọpọlọ lè fara hàn bí wèrè. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè ní abísínwín, nígbà púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. A kò gbọdọ̀ fi òun àti ọmọ-ọwọ́ rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbogbo wọ̀nyí, bí kò ṣe ẹni tí ó lè yẹ ara àti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtọ́jú àrùn orí jẹ́ ohun àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Àwọn onísègùn Yorùbá ti mọ igi asọfẹ́yẹjẹ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ń fi egbò rẹ̀ mú kí aláìsàn tí ń jà rí oorun sùn. Èròjà kan tí a ń pè ní reserpine wà nínú igi náà, àwọn dókítà pẹ̀lú sì lò ó fún àrùn orí àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950. Àléébù egbò ni pé kò ní òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ sínú ìkòkò kò mọ iye agbára tí ó wà nínú ife kan. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọkàn rẹ̀ sì lè rẹ̀wẹ̀sì gidigidi.

Ní ti ìjọba ìgbà àmúnisìn, ohun tí ó kọ́kọ́ pèsè jẹ́ àhámọ́ ju ìwòsàn lọ. Ní ọdún 1907 ni a ṣí ilé aláàrùn orí ní Yábàá ní Èkó, a sì fi ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Láńtòrò ní Abẹ́òkúta ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1944. Nígbà tí ó di ọdún 1952, ní ìlú Paris, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn chlorpromazine fún àrùn yìí, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ohùn àti ìbẹ̀rù aláìsàn kù. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Àró. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó ṣètò pé kí ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó wà lágbègbè Àró, kí ìbátan kan sì bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbé, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Aláìsàn ń gbọ́ èdè tí ó mọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀, ó sì ń rí ojú tí ó mọ̀. Òkìkí ètò yìí kàn dé ilẹ̀ òkèèrè, Lambo pàápàá sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tí ó ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí Àró kọ́ ayé ni pé oògùn jẹ́ apá kan ìwòsàn, ìbátan sì jẹ́ apá kejì. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí schizophrenia ní ibùdó mẹ́sàn-án láyé. Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú London, Moscow, Washington àti àwọn mìíràn. Nígbà tí a padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn sàn ju ọ̀pọ̀ ti ìlú àwọn olówó lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ẹbí tí kò tú ká lẹ́yìn aláìsàn mọ́ ara ìdí náà.

Ìbànújẹ́ ni ó jẹ́, nígbà náà, pé ní ilẹ̀ kan náà yìí ni a ti ń rí ọmọ ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, àwọn aṣojú àjọ Human Rights Watch lọ sí ibi 28 tí a ti ń tọ́jú aláàrùn orí ní Nàìjíríà. Wọ́n rí àwọn tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ilé àwọn onísègùn, ní ilé àdúrà àwọn Kristẹni, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, àti ní ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí a dè mọ́ igi, tí a sì fi pàṣán nà kí ẹ̀mí burúkú lè jáde, ẹ̀rù tí ó ti ń bà á tẹ́lẹ̀ ti wá ní ìdí tí ó dájú. Ẹni tí a fi ebi pa ní orúkọ ààwẹ̀, tí a kò jẹ́ kí ó sùn ní orúkọ àìsùn, ohun méjì tí ọpọlọ rẹ̀ ń fẹ́ jùlọ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ di òfin ní Nàìjíríà, ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ti wà láti ìgbà àmúnisìn, ó sì ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá ẹ̀yìn ilé lọ tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, bí ẹni tí ó ni ilé kò bá tú u.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ń tàbùkù àdúrà. Rárá o. Nígbà tí Hesekáyà ọba ṣàìsàn dé ojú ikú, ó gbàdúrà, àdúrà rẹ̀ sì gbà. Síbẹ̀ wòlíì náà pàṣẹ pé kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ kí a fi lé ojú oówo rẹ̀. Wòlíì tí ó gbọ́ láti ọ̀run kò tijú láti lo oògùn. Kí ìjọ gbàdúrà fún aláìsàn, kí ó sì gbà á gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ó gbà á nígbà tí aláìsàn ti jẹun, tí ó ti sùn, tí ó sì ti lo oògùn rẹ̀. Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ méjèèjì lè rìn pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Nàìjíríà àti ní Gánà: wọ́n mú kí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé onísègùn àti ní ilé àdúrà tí wọ́n wà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí a pa ọwọ́ pọ̀ tọ́jú báyìí sàn ju àwọn tí a fi sílẹ̀ bí ìṣe àtẹ̀yìnwá. Olórí ilé àdúrà tí ó bá ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì kò dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀mí ọmọ ẹlẹ́ni ni ó gbà là.

Kí ni kí ilé tí ọ̀ràn yìí dé bá ṣe? Èkínní, bí oorun bá ti dá lójú ọmọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà, kí wọ́n má ṣe ka oṣù. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn, kí a yẹ ibà àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ọ̀nà ibi tí dókítà ọpọlọ wà: Àró ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀.

Èkejì, bí aláìsàn bá kọ̀ láti lọ, kí ẹni kan tí ó fẹ́ràn jùlọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Kí ó má bá a jiyàn lórí ohùn tí ó ń gbọ́, kí ó má sì purọ́ pé òun náà ń gbọ́ ọ. Kí ó sọ pé, “Mo rí i pé o kò sùn, ẹ̀rù sì ń bà ọ́, jẹ́ kí a lọ wá ohun tí yóò jẹ́ kí o sùn.” Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gbà pé orí òun dàrú a máa gbà pé òun kò rí oorun sùn.

Ẹ̀kẹta, kí àgbẹ̀ ti oògùn apakòkòrò àti oògùn èpò rẹ̀ mọ́ inú àpótí, kí ó sì gbé àdá àti okùn kúrò nílẹ̀. Nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì lè mú kí aláìsàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, pàápàá nígbà tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò tí ó sì wá rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá ti mẹ́nu kan ikú, kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ bí oògùn orí fífọ́. Oorun lè tètè padà, ṣùgbọ́n ohùn àti ìfura lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rọlẹ̀. Ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n, ó lè mú ara le gan-an, ó lè mú itọ́ máa dà tàbí kí ó mú ènìyàn sanra. Kí a má ṣe nítorí èyí da oògùn nù. Kí a sọ fún dókítà, nítorí ó lè dín in kù tàbí kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí agbára rẹ̀ ń pẹ́ tó oṣù kan lára pẹ̀lú wà fún ẹni tí ó ń gbàgbé. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, ó sábà máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí dókítà tó gbà pé kí a dín in kù. Àwọn tí wọ́n ní “ara ọmọ wa ti yá, kí ni ó tún ń lo oògùn fún?” ni wọ́n sábà máa ń padà wá pẹ̀lú omijé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ìlú. Àwọn dókítà ọpọlọ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn wọn jìnnà sí ọ̀pọ̀ abúlé, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ra oògùn. Ẹni tí ó bá aláìsàn lọ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ta ni yóò bá a roko? Ní ilẹ̀ tí ó mọ àáró àti ọ̀wẹ̀, kò yẹ kí ìbéèrè yìí ṣòro. Bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kan bá ṣẹ́, ẹgbẹ́ a bá a kọ ebè, ìjọ a dáwó, àwọn ìyá ìjọ a gbé oúnjẹ lọ. Bí orí ọmọ rẹ̀ bá dàrú, ẹgbẹ́ kan náà a gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Kí ẹgbẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ roko. Kí ìjọ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún oògùn àti owó ọkọ̀, bí ó ti ń yà á sọ́tọ̀ fún àwọn opó. Kí olùkọ́ má ṣe yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé kíláàsì. Nígbà tí ó bá sì padà dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Àró bú u. Kí a fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ebè mẹ́wàá lónìí, ogún ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí schizophrenia mú ni ara rẹ̀ ń yá pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń gbéyàwó, tí ó sì ń tọ́ ọmọ, bí ìtọ́jú kò bá já. Àní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ọjà pàápàá, tí ó ti sùn lábẹ́ àtíbàbà ọlọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ lè dẹ̀ bí a bá lọ mú un wá sílé. Àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Kí a tètè mú aláìsàn lọ, nígbà náà, kí a má sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó lè di pé nígbà tí yóò bá wọ ọjà, ẹrù iṣu rẹ̀ ni yóò rù lọ tà, tí yóò sì gba owó rẹ̀, tí yóò sì kà á pé.